Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Hàn Wá Kọ́ La Wọ̀

Inú ń bí mi o. Ẹ má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ wọ́nú bọ̀. Ta ló ní kí àwọn tó ń ta ìrìnàjò ní Ìbàdàn yìí máa fi àwòrán ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun kan gbowó, kí wọ́n sì kó èèyàn sínú òmíràn?

Àwòrán tí éjẹ́ǹtì wa fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ti Icon of the Seas ni. Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Miami ní oṣù kìíní 2024, alájà 20, tó lè gba èrò bíi 7,600, tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ 7. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ìgbafẹ́ ọba rèé." Èyí tí a wá bá ní èbúté ńkọ́? Ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí èrò inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti inú àwòrán. Mo pè é lórí fóònù láti ibẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí Kàríbíà náà lẹ ń lọ." Ìbàdàn lẹ mọ̀, ẹ ò mọ Láyípo.

N ò bá ọkọ̀ àgbà jà o. Ohun tó dáa ń bẹ lára rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Philippines àti Indonesia, ti mọ orúkọ wa kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. A ò tò gbọọrọ kí a tó jẹun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà níta tó yí gbogbo ọkọ̀ náà po, èmi àti Bàbá Ṣeun máa ń rìn ín ní ìdájí, atẹ́gùn òkun á máa fẹ́ sí wa lára. Ká ní éjẹ́ǹtì ti sọ láti ilé pé ọkọ̀ àgbà ni, tó sì gba owó ọkọ̀ àgbà, ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi.

Ṣùgbọ́n yàrá! Ó ní yàrá wa dojú kọ òkun. Irọ́ ni. Inú lọ́hùn-ún ni, kò ní fèrèsé kankan. Tí a bá ti paná, ọ̀sán àti òru di ọ̀kan náà. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n sì fi wá sí, lókè ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ife omi tí mo gbé sórí tábìlì ń gbọ̀n, ó ń kan ìgò ìpara mi, kìn-ìn, kìn-ìn, kìn-ìn. Mo dìde, mo fi aṣọ ìnura wé e. Ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bá gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹni sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Bódìjà ni. Bàbá Ṣeun ò lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn àfi tí mo bá gun orí bẹ́ẹ̀dì. Ti balùwẹ̀ ló tún wá burú jù: aṣọ ìkélé ni wọ́n ta síbẹ̀, bí omi bá ti ń dà, á wá lẹ̀ mọ́ èèyàn nídìí. Èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, mò ń bá aṣọ jìjàkadì lórí òkun!

Éjẹ́ǹtì tún ní ọkọ̀ kékeré ló dáa, pé kò sí èbúté tí kì í wọ̀. Kò wọ ti Grand Cayman, erékùṣù kan ní Kàríbíà. Ní George Town, olú ìlú ibẹ̀, ojú omi ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti ń ju ìdákọ̀ró, tí ọkọ̀ kéékèèké á máa kó èrò lọ sórí ilẹ̀. Ìgbì pọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní a ò ní lè sọ̀kalẹ̀, a bá jókòó, à ń wo ìlú lókèèrè. Ọ̀gákọ̀ ò jẹ̀bi, ẹ̀mí èèyàn ló ń ṣọ́. Ẹni tó ń ta ọjà yìí ló yẹ kó ti sọ fún mi pé ọkọ̀ tí kò tóbi ni ìgbì máa ń fì jù, àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà títí di ìparí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle níbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ló kó wa lọ! Ó ní owó ẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí Bàbá Ṣeun jẹ náà ò dúró nínú ẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ ló ti wà nínú ẹ̀, Mọ́mì." Gbogbo kí ni? Owó ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ nìkan lé ní dọ́là 15 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Wi-Fi, owó. Ẹlẹ́rìndòdò, owó.

Èyí tí mo sì ń tìtorí ẹ̀ pariwo gan-an rèé. Físà tèmi àti ti ọkọ mi, ti àtijọ́ ni, a lè fi wọ Amẹ́ríkà léraléra. Èyí tó pọ̀ jù nínú físà àbẹ̀wò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ Nàìjíríà ní oṣù keje 2025, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi wọlé, láàrin oṣù mẹ́ta. Ọkọ̀ yìí sì ń gbéra ní Miami, á ya Bàhámà tàbí Jàmáíkà, á padà sí Miami. Kò lè ṣe kó má yà: òfin Amẹ́ríkà kan ti wà láti 1886 tí kò gba ọkọ̀ tó ń fi àsíá ilẹ̀ mìíràn rìn láyè láti máa kó èrò káàkiri èbúté Amẹ́ríkà nìkan, láì ya ilẹ̀ mìíràn, àsíá Bàhámà tàbí Panama ló sì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí físà ẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan, tó bá ọkọ̀ jáde, kí ló fẹ́ fi padà wọlé?

Ìyá Tọ́pẹ́ tó ń ta aṣọ ní Gbági ti san àsansílẹ̀ fún ọmọkùnrin éjẹ́ǹtì yìí kan náà. Físà ẹlẹ́ẹ̀kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọkùnrin náà ò sì bèèrè rẹ̀ kó tó gbowó! Mo ní kí ó lọ gba owó ẹ̀ padà. Ó dé ibẹ̀, wọ́n ní àsansílẹ̀ kì í padà.

Kì í kí ni? Ní Mọ́ńdè, èmi àti Ìyá Tọ́pẹ́ la jọ ń lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Mọ́kọ́lá. Mo ti sọ fún Bàbá Ṣeun pé kó wá nǹkan fi jẹ ẹ̀bà fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ náà.