Ẹ Dákun, Ẹ Yé Gbé Raccoon Lọ Jù Sígbó Onígbó

Níbi ìkómọ kan tá a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ sí ìgbèríko Georgia ní Amẹ́ríkà níbí ń fi fọ́tò raccoon tí wọ́n mú hàn wá lórí fóònù, wọ́n ní àwọn gbé e sẹ́yìn mọ́tò, àwọn wà á lọ jìnnà, àwọn lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó kan, gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì sì ń yìn wọ́n pé wọ́n ṣàánú ẹranko. Èmi ò lè bá wọn yìn wọ́n. Mo fẹ́ sọ tẹnu mi níbẹ̀ àmọ́ ariwo orin pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ò rí raccoon rí, ẹ ronú ẹtà tó ń jí adìyẹ gbé lóru, ìwà wọn jọra. Ojú ẹ̀ dúdú bíi ti olè tó faṣọ bojú, ìrù ẹ̀ ní àmì dúdú yípo bí òrùka, èyí tó bá tóbi nínú wọn lè tó kílò 10. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ìka márùn-ún márùn-ún, ó sì mọ̀ ọ́n lò bí ọmọdé tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò, á yí ìkọ́ ìlẹ̀kùn, á ṣí dírọ́ọ̀mù ìdọ̀tí, á ki ọwọ́ bọ ojú nẹ́ẹ̀tì, á gbá adìyẹ lọ́rùn mú, á máa fà á títí orí á fi já.

Bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn lọ́dún 2021. Adìyẹ 14 la ní, mo jí láàárọ̀ mo bá mẹ́fà nílẹ̀, mẹ́rin ò lórí, ọmọ mi obìnrin tó sọ wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sunkún títí kò lè lọ sílé ìwé. Inú bí mi gan-an. Mo lọ ra tàkúté oníkéèjì, irú èyí tí ìlẹ̀kùn ẹ̀ máa já wálẹ̀ tí ẹranko bá ti tẹ irin àárín, mo fi sàdíìnì ṣe ìjẹ, alẹ́ àkọ́kọ́ ológbò aládùúgbò ló kó sí i, alẹ́ kejì raccoon kó sí i. Mo wa mọ́tò fún bí ogún ìṣẹ́jú, mo tú u sílẹ̀ lẹ́bàá odò kan, mo padà sílé tìdùnnútìdùnnú. Oṣù karùn-ún ni. Lọ́jọ́ kẹta la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, ó ń dún bí ẹyẹ, ó tún ń dún bí ọmọ ọwọ́, nígbà tá a máa tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ọmọ raccoon mẹ́rin la rí, méjì ti kú. Ìyá wọn ni mo gbé lọ. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi náà ò lè wò ó lójú. Obìnrin kan tó ní láìsẹ́ǹsì láti máa tọ́jú ẹranko igbó ló wá kó méjì tó kù.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìgbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí ewé ń rú ni wọ́n ń bímọ níbí, mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń rìn kiri lọ́sàn-án gangan lásìkò yẹn, ó lè jẹ́ abiyamọ tó ń wá oúnjẹ, kì í ṣe gbogbo èyí tó bá jáde lọ́sàn-án ló ní dìgbòlugi.

Dìgbòlugi yẹn gan-an ló ká mi lára jù. Ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, raccoon wà lára àwọn ẹranko tó ń gbé e kiri jù. Tẹ́lẹ̀, Florida àtàwọn ìpínlẹ̀ gúúsù bíi Georgia yìí ni dìgbòlugi raccoon mọ sí. Lọ́wọ́ ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n kó raccoon láti gúúsù lọ sí agbègbè Virginia àti West Virginia káwọn ọdẹ lè rí nǹkan pa, bó ṣe bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ó ti dé New York, ó ti dé Massachusetts. Mọ́tò ló kọ́kọ́ gbé e kúrò ní gúúsù o. Títí dòní ìjọba àpapọ̀ ṣì ń fi bàlúù da ìjẹ tí wọ́n fi àjẹsára sínú ẹ̀ káàkiri igbó káwọn raccoon lè jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi fòfin de gbígbé wọn láti ibì kan lọ síbòmíì. Igbó tẹ́ ẹ̀ ń tú u sí yẹn, ẹnì kan ń gbé nítòsí ẹ̀, ó lọ́mọ, ó lájá, ó ní adìyẹ tiẹ̀.

Èmi ò sọ pé ká máa wò wọ́n níran o. Ilé adìyẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ bá wí, bí ògiri ò bá lanu aláǹgbá ò lè wọbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà pé ti adìyẹ ni, adìyẹ nìkan ló lè dá dúró, raccoon á fà á ya. Mo tú gbogbo tèmi dànù, mo ra nẹ́ẹ̀tì irin tó le tí ojú ẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì, mo rì í mọ́lẹ̀ tó íǹṣì 12 yípo, mo yọ ìkọ́ ìlẹ̀kùn, mo fi agádágodo sí i, a kì í sì í fi oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀ mọ́jú mọ́. Ní ti àgbàdo, wáyà oníná méjì, ọ̀kan ní íǹṣì 6 sílẹ̀, ọ̀kan ní 12, ẹ sì tètè tàn án kó tó gbó, torí ẹranko yìí mọ ọjọ́ tí àgbàdo máa dùn ju olóko lọ.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ dẹ tàkúté, ẹ pe ọfíìsì ẹranko igbó ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó dẹ ẹ́, kẹ́ ẹ mọ ohun tí òfin ní kẹ́ ẹ ṣe sí èyí tẹ́ ẹ bá mú, tàbí kẹ́ ẹ háyà ẹni tó ní láìsẹ́ǹsì. Marshmallow, súìtì rírọ̀ bíi tìmùtìmù yẹn, ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìjẹ, ológbò ò kà á sí. Ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní kùtùkùtù, oòrùn Georgia á pa ohun tó bá wà nínú kéèjì. Tó bá jẹ́ pípa lòfin ní kí wọ́n pa á, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ri kéèjì sínú omi, ìwà ìkà ni, mo sọ ọ́ o. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ jọ sí, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé débẹ̀, aràn kan wà nínú ẹ̀ tó lè wọ ọpọlọ èèyàn, ẹyin ẹ̀ ń pẹ́ lọ́dún nínú ilẹ̀, blíìṣì ò pa á, omi tó ń hó ló ń pa á.

Láti ìgbà tí mo ti ṣe nẹ́ẹ̀tì yẹn, a ò tíì pàdánù adìyẹ kan sọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣì ń wá. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, èmi àti ọmọ mi máa ń rí ojú ọwọ́ wọn nínú ẹrẹ̀, ìka márùn-ún márùn-ún, wọ́n á ti yí ilé adìyẹ po lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á wá gba ọ̀nà odò padà lọ.