Oyè Másítáàsì Nìkan Kò Sọ Ẹnikẹ́ni Di CFP Ní Amẹ́ríkà

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kárí WhatsApp láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà. Ó ní ẹni tó bá ti gba oyè másítáàsì nínú ìmọ̀ ètò owó ti di CFP, ìyẹn agbaninímọ̀ràn lórí ètò owó tó ní ìwé ẹ̀rí, kò tún ní ìdánwò kankan ṣe mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

CFP Board ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yẹn, kì í ṣe yunifásítì. Másítáàsì lè yanjú ti ẹ̀kọ́, bí ètò náà bá wà lára èyí tí CFP Board forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò ṣì wà níwájú: ìbéèrè 170, wákàtí 3, ìsinmi díẹ̀, wákàtí 3 mìíràn, lọ́jọ́ kan náà. (Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ rárá.) Ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀: wákàtí 6,000, tàbí 4,000 fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ CFP gangan. Wọn á tún yẹ ìwà ẹni wò.

Ó jọ pé ọ̀nà àbùjá tó wà fún àwọn tó ní CPA (ìwé àṣẹ oníṣirò owó) tàbí oyè PhD nínú ìmọ̀ okòwò ló fa àṣìṣe náà. Iye kọ́ọ̀sì ni ọ̀nà yẹn dín kù. Kò mú ìdánwò kúrò. Kódà, másítáàsì kì í ṣe dandan: dìgírì àkọ́kọ́ tó, ẹ̀kọ́ yòówù kí ẹ fi gbà á.

Kí ẹ tó sanwó ilé ìwé, ẹ wo orúkọ ètò náà lórí cfp.net. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.