Wọn ò bí Tomi Adeyemi sí Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Tomi Adeyemi, òǹkọ̀wé nì, sí, pé ìyá àgbà rẹ̀ ló ń pa ìtàn òrìṣà fún un láti kékeré, àti pé ìwé àkọ́kọ́ tó kọ ló sọ ọ́ di olókìkí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1993. Àwọn òbí rẹ̀ ló ṣí kúrò ní Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Harvard ló ti kàwé. Ti òrìṣà yẹn ló wá dùn jù: Brazil ló ti bá wọn pàdé! Salvador ní Bahia ló wà, òjò lé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó gbójú sókè, ó rí àwòrán àwọn òrìṣà, gbogbo wọn dúdú bíi tirẹ̀. Àwa tí òrìṣà Agẹmọ ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ́dọọdún, ẹ ò rí nǹkan!

Ó ti fi ọdún gbọọrọ kọ ìwé mìíràn ṣáájú, kò rí tà. Children of Blood and Bone, tó jáde ní 2018, ló gbé e síta. Ìkejì tẹ̀ lé e ní 2019, ìkẹta di 2024.

Ẹ tún pe ìwé àkọ́kọ́ yẹn ní ìtàn ilẹ̀ wa gan-an. Lóòótọ́, Yorùbá ni wọ́n fi ń pọfọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àròsọ ni. Ìlọrin inú ìwé yẹn, ojú omi ló léfòó sí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn ṣe, àwọn ọmọ wa ní Ṣágámù ti ń gbé e kiri.