Wọ́n Ń Bú Ìyá Aláṣọ Funfun, Mo Tẹjú Mọ́ Fóònù

Sátidé kan báyìí ni mo wọ Micra ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mò ń lọ Sábó. Ìpàdé W.M.U., ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni mo ti ń bọ̀, aṣọ ẹgbẹ́ wà lọ́rùn mi, Bíbélì wà lórí itan mi. Ìyá kan wọlé tì mí, á ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Sùtánà funfun ló wọ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan tí àbẹ́là yọrí níbẹ̀. Ará Sẹ̀lẹ́ ni, ìjọ Celestial.

Kò tíì jókòó re tí dẹ́rẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ẹ má tanná sínú mọ́tò mi o, epo ń bẹ níbẹ̀." Ìyẹn ò burú, àwàdà ni. Ọmọkùnrin tó wà níwájú ló gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ ò wọ bàtà! Àbí mámíwọ́tà ló ní kẹ́ ẹ má wọ̀ ọ́?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó má gbé òórùn tùràrí wá bá àwọn. Wọ́n ní ta ló tún lọ wẹ̀ fún létí odò. Ìyá ò sọ ju "Ọlọ́run á bù kún un yín" lọ, ó wá rọra fa sùtánà rẹ̀ bo ẹsẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo gbé fóònù, mò ń tẹ WhatsApp tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi níbẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ sọ̀, àbẹ́là kan kán nínú láílọ́ọ̀nù yẹn, mo gbọ́ ọ tó dún. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò ní ṣénjì, ìyá náà ò bá a fà á. Èmi ló yíjú sí, ó wo aṣọ ọrùn mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o." Mo dáhùn, àmọ́ ẹnu mi ni mo fi ń kùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. Kì í ṣe Mùsùlùmí ló bú ìyá yìí, kì í sì í ṣe oníṣẹ̀ṣe. Wọ́n lẹ "Jésù Ni Olúwa" mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò yẹn. Aṣọ fẹ́lóṣíìpù ló wà lọ́rùn ọmọkùnrin náà.

Tí onígbàgbọ́ bá dákẹ́ báyìí, a máa ń ní ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù kí ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ìlú tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gbé Ìyìn Rere wọ̀ ní 1855, tí ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ àwa Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898, tí Ṣọ̀ún, ọba ìlú yìí, fúnra wọn jẹ́ pásítọ̀ kí wọ́n tó gorí ìtẹ́ ní 2023! Rárá o. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo dákẹ́ nítorí pé nínú mi lọ́hùn-ún, mo gbà fún wọn díẹ̀. Èébú náà ò kàn mí, ó sì fẹ́ máa pa mí lẹ́rìn-ín.

Mi ò ní purọ́, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àbẹ́là títàn àti ẹsẹ̀ lásán. Ẹ pè mí síbi tá a ti lè jókòó fọ̀rọ̀ wérọ̀, màá ṣí Bíbélì. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣí Bíbélì nínú Micra yẹn? Ìyá àgbà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n pa Deborah Samuel, akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ onígbàgbọ́, ní Sókótó lóṣù karùn-ún ọdún 2022, gbogbo wa la pariwo. Fọ́tò rẹ̀ ni mo fi sójú WhatsApp mi. Kò pé oṣù kan, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n pa àwọn tó wá jọ́sìn, tọmọdé tàgbà. Nínú gúrúùpù wa, ẹnì kan béèrè pé ṣé àwọn tó ń ké sí Màríà náà ṣe é pè ní onígbàgbọ́. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀, mi ò mọ èyí tó ń ṣe àmín sí.

Àwọn tó kórìíra wa kì í yẹ orúkọ ìjọ wò. Nígbà Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1867, tí wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn, tí wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì jáde, ti Áńgílíkà ni o, ti Mẹ́tọ́díìsì ni o, ti Onítẹ̀bọmi ni o, wọn ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Àwa tá a dákẹ́ ńkọ́? Pétérù náà, lálẹ́ tí wọ́n mú Jésù, kò bú Jésù o. Ó ń yáná láàárín wọn ni, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún gbé fídíò àwọn aláṣọ funfun sí gúrúùpù wa, ẹ̀rín lóríṣiríṣi tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ ọ́ kúrò. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa pè mí. Wọ́n ní ṣé kò sí o, àbí mo ti ń lọ sí Sẹ̀lẹ́ ni? Mo ní rárá o, mà. Wọ́n ní àwọn á máa fi mí sádùúrà.

Fídíò náà ṣì wà níbẹ̀.