Ọdún 5 tí òfin Texas dá kò sọ ìbọn di ẹ̀tọ́

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas, títí kan àárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston: pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní felony lọ́hùn-ún, lè ní ìbọn nílé láìséwu tí ó bá ti pé ọdún 5 tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ parí. Ìgbàgbọ́ yìí lè dá ẹni tó ń sapá láti tún ayé rẹ̀ ṣe padà sẹ́wọ̀n, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀.

Ó ní ibi tí wọ́n ti mú un wá. Abala 46.04 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Texas sọ pé ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìbọn níkàáwọ́ rárá títí ọdún 5 yóò fi pé láti ọjọ́ tí ó jáde lẹ́wọ̀n tàbí tí ó bọ́ lábẹ́ parole (ìṣọ́ ìjọba lórí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó pé), èyí tó bá kẹ́yìn nínú méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, inú ilé tí ó ń gbé nìkan ni ó ti lè ní in. Bí ó bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 10 ló ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n òfin méjì ló ń ṣọ́ ilé kan náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò dá ọdún kankan. Ẹni tí ó bá ti jẹ̀bi ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lọ kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta, láti ọdún 2022 sì ni ìjìyà rẹ̀ ti lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ohun tí òfin lè fúnni ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tí adájọ́ fúnni: ẹni tó jẹ̀bi jìbìtì báńkì, tí adájọ́ ṣàánú rẹ̀, tí kò sun àtìmọ́lé ní òru kan ṣoṣo, wà nínú rẹ̀ bí adigunjalè ṣe wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní bí ìpínlẹ̀ bá ti gbà, ó parí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ti dáhùn ìyẹn nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Caron ní ọdún 1998. Massachusetts gbà kí ọkùnrin náà ní ìbọn gígùn, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó gbé ìbọn ìléwọ́ jáde nílé. Àwọn adájọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí ìpínlẹ̀ ti dí apá kan, gbogbo rẹ̀ ti dí lábẹ́ òfin àpapọ̀. “Inú ilé nìkan” tí Texas wí, apá kan tó dí náà ni.

Àwọn mìíràn ní a kì í jẹ ẹjọ́ ìbọn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 2015, ní Mobile, Alabama, ọlọ́pàá dá Terance Gamble dúró nítorí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́. Ó gbọ́ òórùn igbó, ó tú ọkọ̀ náà, ó sì bá ìbọn ìléwọ́ tó ní ọta nínú. Gamble ti jẹ̀bi olè tó la ipá lọ tẹ́lẹ̀. Alabama dá a lẹ́bi, ìjọba àpapọ̀ sì tún gbé e lọ sílé-ẹjọ́ lórí ìbọn yẹn gan-an. Ní ọdún 2019, adájọ́ 7 nínú 9 ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí aláṣẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀. Lójú tèmi, ó le jù, ṣùgbọ́n òfin ni.

Ìbọn náà kò sì ní láti jẹ́ ti ẹni náà. Bí ìyàwó bá ra ìbọn lórúkọ ara rẹ̀, tí ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ gèlè nínú àpótí aṣọ tí tọkọtaya jọ ń lò, tí ọkọ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó o, agbẹjọ́rò ìjọba lè sọ pé ìbọn náà wà níkàáwọ́ ọkọ pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi green card gbé lè tibẹ̀ pàdánù àyè láti dúró sí Amẹ́ríkà.

Fún ọ̀ràn tí ilé-ẹjọ́ Texas dá, ìdáríjì kíkún láti ọ̀dọ̀ gómìnà, tí kò yọ ìbọn sílẹ̀, lè ṣí ọ̀nà. Ti ilé-ẹjọ́ àpapọ̀, ọwọ́ ààrẹ ló wà. Kí ìbọn tó wọlé, ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó mọ òfin méjèèjì ka ìwé ìdájọ́ náà.