Àtúnṣe: Iṣẹ́ abẹ lésà kò lè rọ́pò awò ojú fún ọmọdé

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwọn òbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n má ṣe ra awò ojú fún ọmọ tí kò ríran dáadáa, nítorí iṣẹ́ abẹ lésà yóò tún ojú náà ṣe títí láé, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ńṣe ni lésà ń gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, kí ìmọ́lẹ̀ lè balẹ̀ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹyinjú ọmọdé ṣì ń dàgbà, èyí tí kì í rí òkèèrè sì sábà máa ń gùn sí i títí ọmọ náà yóò fi bàlágà, tó fi jẹ́ pé ohun tí a gbẹ́ lónìí lè má bá ojú ọ̀la mu. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í ṣe LASIK, ìyẹn iṣẹ́ abẹ lésà tó wọ́pọ̀ jù fún ojú, fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí ẹni tí nọ́ńbà awò rẹ̀ ṣì ń yí padà.

Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ díẹ̀ máa ń lo lésà fún ọmọ tí ojú rẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra gan-an, tí kò sì gba awò tàbí lẹ́ǹsì rárá, ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Kí òbí máa dúró de iṣẹ́ abẹ láìra awò fún ọmọ gan-an ló léwu. Bí ojú kan bá ríran ju èkejì lọ, ọpọlọ lè pa èyí tó ṣe aláìlera tì. Awò, àti bíbo ojú tó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ kí ọmọ tó pé ọdún méje. Ọmọ tó bá ń fọwọ́ bo ojú kan kó tó lè ka ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ló yẹ kí ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí.