Kí Ibùdó Òfurufú Tó Já Sókun, Ẹ Ṣílẹ̀kùn Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gúsí ti dé òfurufú ṣáájú wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, kóró rẹ̀ láti Nàìjíríà bá àwọn arìnrìn-àjò gòkè lọ sí ibùdó òfurufú àgbáyé, ISS, ó sì padà wálẹ̀ fún àyẹ̀wò. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àlejò ni ẹ̀gúsí lọ ṣe, ilé tó sì lọ yà sí kò ní pẹ́ wó.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni èèyàn ti ń gbé inú ISS láìsí ọjọ́ tó ṣófo, ní nǹkan bíi kìlómítà 400 sókè. Wọ́n ń wo bí egungun ṣe ń joro nígbà tí ara kò mọ ìwúwo, àti bí irúgbìn ṣe ń hù níbi tí òkè kò ti yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ní 2024, NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 843 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ SpaceX, kó kan ọkọ̀ tí yóò ti ibùdó náà wálẹ̀ sínú òkun Pàsífíìkì lẹ́yìn 2030. Ṣáínà ti ní tirẹ̀, Tiangong. Èyí tó kù, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló fẹ́ kọ́ ọ, olówó ni wọn yóò sì máa gbà lálejò. Índíà, Pólándì àti Họ́ngárì ti sanwó kí ilé-iṣẹ́ aládàáni gbé èèyàn wọn lọ sí ISS ní 2025.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀pẹ́ níbí, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni NASRDA, àjọ òfurufú Nàìjíríà, fi ibùdó ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU náà wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ wá ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sí ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Ní 2024, NASRDA bá SERA, àjọ tó ń ṣètò ìrìnàjò òfurufú, fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ Nàìjíríà kan yóò bá ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Blue Origin gòkè. A ò ní kó má lọ o. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 ni lílọ àti bíbọ̀ ọkọ̀ náà, kò sì dé ìtòsí ibi tí ISS wà. EduSat-1 ńkọ́, sátẹ́láìtì tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú lóròó, tí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́ ní Japan lórúkọ yunifásítì FUTA Àkúrẹ́? Inú ISS gan-an ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní 2017. Irú iṣẹ́ yẹn là ń fẹ́.

Àwọn kan á ní kí la ń wá lókè nígbà tí iná ò dúró nílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àmọ́ owó àpótí sẹ̀ǹtímítà 10 kọ́ ló ń dí iná lọ́wọ́.

Kí ìjọba àpapọ̀ kéde iye tó ń wọ ibùdó Ẹ̀pẹ́ lọ́dọọdún. Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ LASU àti ti LASUSTECH Ìkòròdú, kí wọ́n sì tún bá Japan sọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tiwa lè dé ISS kí 2030 tó pé. Iwájú àwọn aṣòfin l'Ábújá ni ìṣúná NASRDA ń gbà kọjá. Nígbà tó bá tún dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n béèrè Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.